Dídá Ọkọ̀ Tó Ti Pẹ́ Nílẹ̀ Padà Sójú Títì ní Ìlú Ọba

Ní àwọn àdúgbò àtijọ́ n'Ìbàdàn, láti Mọ́kọ́lá títí dé Mọ̀lété, kì í pẹ́ kí ènìyàn tó rí ọkọ̀ kan tó ti dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ilé. Ó lè jẹ́ Pẹ́jò 504, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975, tàbí Volkswagen Ìjàpá tí wọ́n ń tò l'Ékòó láti ọdún kan náà. Táyà rẹ̀ ti jókòó sílẹ̀, ewé máńgòrò ti bo gíláàsì iwájú, adìyẹ ti ríbi yé sí lábẹ́ rẹ̀. Wọn ò ní tà á, torí ọkọ̀ Bàbá ni. Ó di ọjọ́ tí ọmọ kan, tàbí ọmọ-ọmọ kan, bá gbéra pé òun fẹ́ tún un ṣe.

A mọ bó ṣe máa ń lọ. Mẹkáníìkì ló máa kọ́kọ́ dé, panẹbítà á tẹ̀ lé e, ríwáyà á wá tú wáyà tí eku ti jẹ. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá dún tán ni wọ́n tó máa rántí pátíkúlà. Wọ́n á wá ẹni tó mọ̀nà ọ́fíìsì, wọ́n á kó owó àti ìwé àtijọ́ lé e lọ́wọ́, á sì bá wọn gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀, ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ lójú títì, àti adójútòfò, èyí tí ìjọba sọ di ₦15,000 fún ọkọ̀ àdáni láti oṣù kìn-ín-ní 2023, nígbà tó jẹ́ ₦5,000 tẹ́lẹ̀. Kò sí ìkankan nínú àwọn ìwé yìí tí kì í kú lọ́dọọdún. Èyí tó sì ń dùn mí jù ni ìwé ẹ̀rí ìyẹ-ọkọ̀-wò: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń gbà á láìjẹ́ pé ojú òṣìṣẹ́ kankan kan táyà rẹ̀. Bébà wà nínú píjìnhóòlù, bíréèkì ò sí. Ẹ̀mí ń lọ sí i.

Nígbà tí ará wa tó mọ ọ̀nà yìí bá dé Ìlú Ọba, tó ra ilé tàbí tó jogún ilé, tó wá bá ọkọ̀ kan tó ti sùn láti ọdún pípẹ́ nínú gáréèjì, bí ti ilé ló ṣe máa fẹ́ ṣe é: kó tún ẹ́ńjìnnì ṣe ná, kó tó wá ìwé. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti yàtọ̀. Ní Ìlú Ọba, ìtàn ọkọ̀ náà lẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe.

Ìdí ni pé kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé inú píjìnhóòlù níbẹ̀ mọ́. Láti 1921 ni ọkọ̀ ilẹ̀ náà ti ń lẹ bébà róbótó owó orí mọ́ gíláàsì iwájú. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 2014, ìjọba mú un kúrò. Kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ báyìí, kọ̀ǹpútà ló sì ń dáhùn. Ohun tí kọ̀ǹpútà yẹn mọ̀ wá láti Swansea, ìlú kan létí òkun ní ilẹ̀ Wales, níbi tí DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, wà. Kódà bí ọkọ̀ yín bá ń dán bíi pé ọ̀la ni wọ́n máa fi gbé ìyàwó, tí Swansea bá ní kò ní owó orí, kò ní owó orí nìyẹn.

Ìbéèrè tó ṣe kókó ni pé kí lẹni tó gbé ọkọ̀ náà kalẹ̀ sọ fún Swansea nígbà náà? Láti ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kìn-ín-ní 1998 ni òfin ti wà pé ẹni tí kò bá fẹ́ lo ọkọ̀ rẹ̀ lójú títì mọ́ gbọ́dọ̀ kéde bẹ́ẹ̀. SORN ni wọ́n ń pe ìkéde náà. Nílé, ọmọ tó ń rìnrìn àjò kì í kàn dìde lọ. Á dágbére fún àgbà ilé kí wọ́n má baà máa wá a kiri. SORN ni ìdágbére ọkọ̀. Tẹ́lẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n láti ìparí 2013, ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó, títí ọkọ̀ á fi padà tàbí tó bá dọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹni tó ṣe SORN kò jẹ owó orí kankan fún gbogbo ọdún tí ọkọ̀ fi sùn, ì báà jẹ́ ogún ọdún. Ọjọ́ tó bá san owó orí tuntun ni SORN náà kúrò fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò ṣe é, tí ó kàn jẹ́ kí owó orí àti adójútòfò kú, á máa gba lẹ́tà ìtanràn: £80 nítorí owó orí, £100 nítorí adójútòfò, torí láti 2011 ni òfin ti sọ pé ọkọ̀ tí kò bá sí lábẹ́ SORN gbọ́dọ̀ ní adójútòfò kódà bó bá jókòó sójú kan. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará wa ní Peckham àti Woolwich tó ń lọ sílé fún ọdún kan tàbí méjì tí wọ́n sì ń fi ọkọ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá títì. SORN kò gba ọkọ̀ tó wà lẹ́bàá títì. Inú ọgbà yín, tàbí gáréèjì, tàbí ilẹ̀ ẹlòmíràn tó gbà á láyè ni ó gbọ́dọ̀ wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe é kí ẹ tó wọ bàálù. Iṣẹ́jú díẹ̀ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbà pé SORN wà, ọkọ̀ wà, ẹ sì fẹ́ dá a padà. Ẹ wá V5C, ìwé tí wọ́n ń pè ní logbook. Bó bá ti sọnù, fọ́ọ̀mù V62 àti £25 lẹ máa fi béèrè òmíràn. Àmọ́ ẹ fetí sí èyí dáadáa: V5C kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ ló ni ọkọ̀. Ó kọ ọ́ sára ìwé náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú ọkọ̀, tí ìjọba lè kọ lẹ́tà sí, ni orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ogún bàbá yín, ìwé ìhágún, rìsíìtì àtijọ́, àti ìwé tí àwọn àbúrò fọwọ́ sí ló máa gbà yín lọ́jọ́ tí ìjà bá dé. Mo ti rí ìdílé tó rò pé orúkọ inú V5C ti parí ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn èyí, adójútòfò, MOT, owó orí, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn nìyẹn. MOT ni àyẹ̀wò ọdọọdún tí ìjọba Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ ní 1960. Ọkọ̀ tó ti pé ọdún mẹ́wàá nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò nígbà náà. Láti 1967 ó ti di ọdún mẹ́ta. Òfin fàyè sílẹ̀ kan: ẹ lè wa ọkọ̀ tí kò ní MOT, tí kò ní owó orí, lọ síbi tí ẹ ti bá wọn ṣe àdéhùn àyẹ̀wò ṣáájú, bí ó bá ṣáà ti ní adójútòfò tó sì dára tó láti rìn. Bí ẹ bá yà sí ọjà lọ́nà, ààyè yẹn ti parí. Ẹni tí wọ́n bá mú lójú títì pẹ̀lú ọkọ̀ tó wà lábẹ́ SORN lè fojú ba ilé ẹjọ́, ìtanràn rẹ̀ sì lè tó £2,500. Bí ó bá dà bíi pé bíréèkì ò dájú, ẹ fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e lọ.

Bíréèkì kì í sì í dájú. Ọ̀rá bíréèkì a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bó bá pẹ́, ìpẹtà á dé inú sìlíńdà tí ojú ò rí. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú háńbíréèkì ní òkè, bíréèkì ẹ̀yìn á lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe MOT á tún wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá ìpẹtà ti jẹ irin tó gbé e ró. Táyà, bó ti wù kí eyín rẹ̀ jinlẹ̀ tó, ẹ wo ara rẹ̀: nọ́ńbà mẹ́rin wà níparí àwọn lẹ́tà DOT, bíi 3208, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n ọdún 2008 ni wọ́n ṣe é. Àwa tí táyà tòkúnbọ̀ ti pa èèyàn wa lọ́nà Èkó sí Ìbàdàn kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún kọ́ wa ní èyí. Ẹ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dànù, ẹ ra tuntun.

Nígbà tí ọkọ̀ ń sùn, ayé náà ń yí. Epo pẹtiróòlù tó lẹ́ẹ̀dì nínú ti kúrò lọ́jà nílẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000. Láti oṣù kẹsàn-án 2021, epo tó wọ́pọ̀ ní ilé epo ni E10, tí ẹtánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì lè jẹ rọ́bà inú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2000. E5 ni kí ẹ wá fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tó bá ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ ULEZ, òfin èéfín ọkọ̀ níbẹ̀, le ju epo lọ. Láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ 2023, gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ kò bá bófin mu á san £12.50 ní gbogbo ọjọ́ tó bá jáde. Ọkọ̀ pẹtiróòlù tí wọ́n ṣe ní 2001, tó sùn ní 2015, lè gba MOT kó sì tún di gbèsè ojoojúmọ́. Ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ wádìí kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lé e lórí. Ẹ sì tún wo ìtàn MOT rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìjọba, tó ti wà níbẹ̀ láti 2005: máìlì tó rìn àti gbogbo àléébù tí wọ́n rí lára rẹ̀, láìgba owó. Ká ní irú ẹ̀ wà fún ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tó ń gba Kútọnu wọlé ni!

Ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún ní ojúrere tirẹ̀. Owó orí rẹ̀ di òfo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ṣì máa béèrè fún un lọ́dọọdún, ó sì bọ́ lọ́wọ́ ULEZ. Láti oṣù karùn-ún 2018, kò pọn dandan kó ṣe MOT, bí wọn kò bá ti yí ara rẹ̀ padà jù. Lójú tèmi, ààyè yìí kò yẹ ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Ẹ gbé e lọ ṣe MOT náà. Owó tó pọ̀ jù tí wọ́n lè gbà fún ọkọ̀ kékeré ni £54.85.

Ọkọ̀ tó le jù ni èyí tí Swansea kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ṣáájú 1974, àwọn káńsù ìbílẹ̀ ló ń fún ọkọ̀ ní nọ́ńbà, àwọn ló sì ń tọ́jú ìwé rẹ̀. Wọ́n wá ń kó o lọ sórí kọ̀ǹpútà Swansea, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ní ìparí oṣù kọkànlá 1983. Ọkọ̀ tó ti wà nínú abà nígbà náà, tí olówó rẹ̀ kò forúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ parẹ́. Ó wà lára irin, kò sí nínú ìwé.

Ọ̀nà àbáyọ ni fọ́ọ̀mù V765. Ẹ máa kàn sí ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, èyí tí DVLA fọwọ́ sí, kí wọ́n wá jẹ́rìí. Ohun tí wọ́n ń wá ni ìwé àtijọ́ kan tó so nọ́ńbà ara ọkọ̀ pọ̀ mọ́ nọ́ńbà ṣásí. Fọ́tò tí Bàbá fẹ̀yìn ti ọkọ̀ kò tó. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ káńsù ló dára jù, tí òǹtẹ̀ ọdọọdún tẹ̀ lé ara wọn nínú rẹ̀. Bí kò bá sí, ibi ìtọ́jú ìwé àtijọ́ ti káńtì tí wọ́n ti forúkọ ọkọ̀ náà sílẹ̀ lẹ máa lọ, tàbí Kithead Trust ní Droitwich, tó kó ọ̀pọ̀ ìwé káńsù jọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹgbẹ́ á wo nọ́ńbà ṣásí fúnra rẹ̀. Bí ọlọ́pàá ilé ṣe máa ń fi pẹ́ńsù kùn ún, tí wọ́n á fi sẹlotéèpù ká a kúrò lára irin, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ yìí ń béèrè fọ́tò rẹ̀ tàbí èyí tí wọ́n fi pẹ́ńsù tẹ̀ sórí bébà. Ẹ má fi yanrìn ha á jù nígbà tí ẹ bá ń nu ìpẹtà. Bí lẹ́tà kan bá parẹ́, ẹ ti ba ẹ̀rí jẹ́.

Bí ẹ̀rí bá tó, nọ́ńbà àtijọ́ á padà, ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè tà á tàbí gbé e sára ọkọ̀ mìíràn láé. Bí kò bá tó, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà mìíràn tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu, tàbí èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Q bí ọjọ́ orí rẹ̀ kò bá ṣe é mọ̀.

Lọ́jọ́ tí V5C tuntun bá wọlé nínú àpótí lẹ́tà, ẹ gbé e tọ ọkọ̀ lọ lọ́jọ́ náà, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ka nọ́ńbà ṣásí àti ti ẹ́ńjìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan sí ti inú ìwé. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, ẹ dá a padà sí Swansea kí wọ́n tún un kọ.