Ta Ló Gbé E Fún Un?

Ọjọ́ Ìsinmi ni, 28 oṣù Èrèlé ọdún 2010. Oṣù márùn-ún péré ni mo ṣì lò ní ìlú Edmonton, ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà, yìnyín sì ga lójúde ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ẹ̀gbọ́n tó gbà mí sílé tan tẹlifíṣàn, ó ní kí n jókòó. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ò mọ nǹkan kan nínú eré yìí o." Ó ní, "Má wo eré. Wo ẹ̀yìn aṣọ ọmọkùnrin tó wọ nọ́ńbà 12 yẹn, kí o ka orúkọ rẹ̀ fún mi."

Mo kà á: Iginla. Igi ńlá. Mo fò dìde lórí àga.

Òótọ́ ni. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá Jarome Iginla, Adékúnlé sì wà nínú orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ìlú Edmonton tí mo wà yìí ni wọ́n ti bí i ní 1977. Lọ́jọ́ náà, Kánádà àti Amẹ́ríkà ń du wúrà họ́kì orí yìnyín ti Òlíńpíìkì ní Vancouver. Wọ́n ta ọ̀mì 2-2, wọ́n sì wọ àfikún àkókò. Ọmọ Amẹ́ríkà kan ti Iginla mọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ pápá, ó ń ṣubú lọ. Sidney Crosby, ọmọ ikọ̀ rẹ̀, pariwo pè é láti iwájú ilé. Kí Iginla tó kanlẹ̀, ó ti taari rọ́bà tí wọ́n ń gbá sí i. Crosby gbá a wọlé, wúrà di ti Kánádà.

Gbogbo àdúgbò ń kígbe Crosby, fèrè ọkọ̀ gba ìgboro. Ẹ̀gbọ́n mi kò kígbe Crosby. Ohun tó ń bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wọlé ni pé, "Ta ló gbé e fún un?"

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yẹn ti di òṣùwọ̀n mi nínú àríyànjiyàn tí kì í tán nílẹ̀ yìí: nínú gbogbo ẹni tó ti ta họ́kì orí yìnyín, ta ni ọ̀gá pátápátá?

Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá yóò tètè lóye họ́kì. Eléré mẹ́fà mẹ́fà ló ń wọ pápá, asọ́lé jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bàtà tó ní abẹ irin nísàlẹ̀ ni wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín. Rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní puck ni wọ́n ń fi ọ̀pá gbá. Kò fẹ̀ ju ínǹṣì mẹ́ta lọ. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe, ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20 ìṣẹ́jú. Eré náà le débi pé kí ìṣẹ́jú kan tó pé, eléré ti sáré jáde lọ mí, ẹlòmíràn ti wọlé.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ìwé ìṣirò wọn. Bí ẹnì kan bá gbá góòlù wọlé, wọ́n á kọ ọ́ fún un. Wọ́n á tún wá ẹnì kan tàbí méjì tó fi ọ̀pá kan puck kẹ́yìn nínú ikọ̀ rẹ̀ ṣáájú rẹ̀, wọ́n á kọ ìrànwọ́ fún wọn. Góòlù kan, àmì kan. Ìrànwọ́ kan, àmì kan. Ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà, ọgbọọgba ni wọ́n níwájú akọ̀wé.

Ní 6 oṣù Igbe ọdún 2025, fóònù mi kò sinmi. Alex Ovechkin, ọmọ Rọ́ṣíà tó ń ta fún Washington Capitals, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá góòlù 895 wọlé nínú NHL, líìgì họ́kì Àríwá Amẹ́ríkà. Ó ti kọjá 894 Wayne Gretzky tí àwọn ènìyàn rò pé kò sẹ́ni tó máa dé ibẹ̀ láé. Gretzky fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sórí yìnyín láti bá a yọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní, "Ọba yín ti bọ́ lórí oyè!"

Mo dá wọn lóhùn pé góòlù kọ́ ló gbé e gorí oyè.

Brantford ní Ontario ni wọ́n ti bí Gretzky ní 1961. Nígbà òtútù, Walter bàbá rẹ̀ máa ń da omi sí ẹ̀yìnkùlé kí ó lè dì, kí ọmọ rẹ̀ lè rí ibi ṣeré. Bí ọmọ náà ṣe dàgbà, kò sígbọnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò yára ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ibi tí ẹnikẹ́ni kì í dúró sí ló fi ṣe ibùjókòó: ẹ̀yìn ilé ọ̀tá. Wọ́n tilẹ̀ ń pe ibẹ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Láti ibẹ̀, ó ń rí gbogbo pápá níwájú rẹ̀, asọ́lé kò sì mọ ọwọ́ tí yóò gbà yọ. Bó bá ti rí ọ̀rẹ́ tó ráyè, puck ti dé ẹsẹ̀ onítọ̀hún.

Eré 1487 ló ta ní NHL, láti 1979 dé 1999. Góòlù rẹ̀ jẹ́ 894, ìrànwọ́ rẹ̀ jẹ́ 1963. Ẹ jẹ́ ká yọ gbogbo góòlù náà kúrò, ká dà á nù bí omi ìṣanwọ́. 1963 tó kù yẹn ṣì ju góòlù àti ìrànwọ́ ẹnikẹ́ni lápapọ̀ lọ. Jaromír Jágr ló tẹ̀ lé e nínú ìwé, 1921 sì ni gbogbo tirẹ̀. Ní sáà 1985 sí 1986, Gretzky fúnni ní góòlù 163 nínú eré 80. Ó lé ní méjì lójúmọ́ eré.

Àwọn tó ń bá mi jiyàn kì í ṣe ọmọdé. Ọ̀gá àgbàlagbà kan wà níbi iṣẹ́ wa tó dàgbà sí Boston. Kò gbà ju Bobby Orr lọ. Ẹ̀yìn ni Orr ń mú, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ló ní àmì ju gbogbo líìgì lọ. Kò sí ẹlẹ́yìn mìíràn tó tíì ṣe é. Òun náà ló kọ́kọ́ ní ìrànwọ́ 100 ní sáà kan. Àmọ́ orúnkún dá a dúró. Eré 657 péré ló ta, ó sì fi í sílẹ̀ ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ojú mi máa ń rọ̀ bí ọ̀gá bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ṣe ni à ń wọ̀n, a kì í wọn èyí tí à bá ṣe.

Mario Lemieux ńkọ́? Jẹjẹrẹ mú un ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993. Ọjọ́ tí wọ́n parí ìtọ́jú onítànṣán rẹ̀ gan-an ló wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Philadelphia, ó sì gbá góòlù wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà. Gordie Howe sì wà, tó ṣì ń ta ní NHL lẹ́ni ọdún 52. Gretzky fúnra rẹ̀ kò yé sọ pé Howe ló dára jù.

Wọ́n tún ní góòlù rọrùn lásìkò Gretzky, nítorí nǹkan bí mẹ́jọ ló ń wọlé nínú eré kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí wọ́n jọ jẹ nínú àwo kan náà: ní sáà tí Gretzky ní àmì 215, ẹni tó ṣe ipò kejì, Lemieux, ní 141. Wọ́n ní Edmonton, ikọ̀ rẹ̀ àtijọ́, gba ife Stanley ti NHL láìsí i ní 1990, ọdún méjì lẹ́yìn tó ti lọ sí Los Angeles. Ìyẹn gan-an ni mo ń wí. Ẹni tó ń fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ kì í kó gbogbo rẹ̀ lọ lọ́jọ́ tó bá ń lọ.

Ní ti ọmọ wa Iginla, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ nínú ìjà ipò kìíní, èmi náà kò ní fi ìfẹ́ ẹ̀jẹ̀ purọ́. Balógun Calgary Flames ni tẹ́lẹ̀, òun ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba wúrà Òlíńpíìkì ìgbà òtútù, ní 2002, wọ́n sì yàn án sínú ilé àwọn àgbà họ́kì ní 2020. Góòlù rẹ̀ jẹ́ 625, ìrànwọ́ rẹ̀ 675. Igi ńlá ni lóòótọ́, ó sì mọ̀ pé igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ìdájọ́ tèmi ni pé Wayne Gretzky ni ọ̀gá wọn, nítorí 1963 yẹn. Ovechkin lè gbá ẹgbẹ̀rún wọlé, kò ní kàn án.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń ti orí pápá bọ̀ nírọ̀lẹ́, yálà lórí yìnyín ni o, yálà lórí iyanrìn, ẹ má ṣe bi í pé mélòó ló gbá wọlé nìkan. Ẹ bi í pé: ta lo gbé e fún?