Ọ̀dúndún àti Àbámọdá Nínú Àgbàlá Ilé Wa



Nígbà tí ọyẹ́ bá mú ní oṣù Ọ̀pẹ, tí koríko ẹ̀bá ọ̀nà láti Fìdítì dé Jóbẹ̀lẹ̀ àti Ìlọrà bá ti gbẹ tán, ẹ lọ wo ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé àwọn àgbà. Ẹ ó rí ewéko kúkúrú kan níbẹ̀ tí ewé rẹ̀ nípọn, tí ó sì tutù bí ẹni pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ọ̀dúndún ni, tàbí àbámọdá tí í ṣe ìbátan rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bomi rin ín, síbẹ̀ kò kú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e sínú ohun èlò dáradára, tí ẹ sì ń bomi rin ín ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, kò ní pẹ́ kí ó tó jẹrà láti ìdí.

Mo mọ èyí nítorí pé ó ṣẹlẹ̀ sí èmi tìkára mi. Mo gbin ọ̀dúndún sínú agolo kẹrosíìnì kan tí n kò lu ní ihò, mo gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì ń fún un lómi lójoojúmọ́ nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di yẹ́lò, mo sì rò pé òùngbẹ ni ó ń gbẹ ẹ́. Mo fi kún omi náà. Nígbà tí mo fa á tu, gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú, ó sì ń rùn. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ìfẹ́ tí kò ní ìmọ̀ a máa pa ohun tí a fẹ́ràn. Ohun kan yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ, ẹ ó sì rí i ní ìparí pé ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ewéko nìkan.

BÍ A TI LÈ MỌ̀ WỌ́N YÀTỌ̀

Àwọn méjèèjì jọra, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì máa pe ọ̀kan ní orúkọ èkejì. Ọ̀dúndún jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà yìí. Nígbà tí ó bá wà ní kékeré, ewé rẹ̀ a máa to yí ara wọn ká sún mọ́ ilẹ̀. Bí ó bá dàgbà tán, a ga sókè, a sì yọ ẹ̀ka. Etí ewé rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ, òdòdó rẹ̀ pupa bí ọsàn tí ó pọ́n, ó ní ewé òdòdó mẹ́rin, ó sì kọjú sí òkè.

Àbámọdá ní tirẹ̀ ti òkèèrè wá. Erékùṣù Madagásíkà ni ilé rẹ̀ àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni ó ti tàn ká gbogbo ilẹ̀ tí oòrùn ti mú. Òdòdó rẹ̀ a máa so rọ̀ bí agogo kékeré. Àmì rẹ̀ tí ó dájú jù lọ ni èyí: bí ẹ bá já ewé rẹ̀ kan tí ẹ sì fi í sílẹ̀ lórí ilẹ̀ ọ̀rinrin, ní ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ọmọ wẹ́wẹ́ yóò yọ ní etí ewé náà, olúkúlùkù pẹ̀lú gbòǹgbò tirẹ̀. Ìtàkùn tí ó ṣíji bo Jónà hù ní òru kan, ó sì kú ní òru kan. Ṣùgbọ́n ewé àbámọdá tí a já sọnù ni ó ń di ìyá ọmọ púpọ̀. Akéwì ńlá ará Jámánì nì, Goethe (1749–1832), fẹ́ràn ewéko yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gbìn ín sínú ilé rẹ̀, tí ó sì ń fi ewé rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè rí iṣẹ́ ìyanu náà fúnra wọn.

ÌDÍ TÍ WỌN KÌ Í FI Í KÚ NÍNÚ Ẹ̀Ẹ̀RÙN

Gbogbo ewé ni ó ní ẹnu wẹ́wẹ́ tí ojú wa kò lè rí. Ẹnu wọ̀nyí ni ewé fi ń gba afẹ́fẹ́ tí ó fi ń ṣe oúnjẹ rẹ̀. Ewé àgbàdo àti ti ẹ̀gẹ́ a máa la ẹnu wọn ní ọ̀sán nígbà tí oòrùn ń ràn, nítorí náà omi inú wọn a máa jáde lọ. Àbámọdá àti irú tirẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán wọ́n a pa ẹnu wọn dé. Ní òru, nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, wọ́n a là á, wọ́n a gba afẹ́fẹ́, wọ́n a sì fi í pamọ́ sínú ewé ní ìrísí omi kíkan. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n a fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn sọ omi kíkan náà di oúnjẹ. Báyìí ni wọ́n fi ń jẹun láìfi omi wọn ṣòfò.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa ìyípadà ìtọ́wò yìí lára àbámọdá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn míṣọ́nnárì. Benjamin Heyne ni orúkọ rẹ̀, ará Jámánì, tí ìjọ Moravian rán lọ sí ilẹ̀ Íńdíà. Ó tọ́ ewé náà wò ní òwúrọ̀, ó kan. Ó tọ́ ọ wò ní ọ̀sán gangan, kò ní adùn kankan. Ó tọ́ ọ wò ní ìrọ̀lẹ́, ó korò díẹ̀. Ní ọdún 1815 ni a tẹ lẹ́tà rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ kíyèsí i pé kò ní ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́. Ahọ́n àti sùúrù ni ó fi mọ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé wá lo ọdún púpọ̀ láti túmọ̀.

Àwa ará agbègbè Afijió kò jìnnà sí ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé ọ̀pẹ̀yìnbó tí ó kún ọjà èso ní Fìdítì ń mí ní ọ̀nà kan náà. Òun náà a máa to ewé rẹ̀ yí ká, a máa la ẹnu rẹ̀ ní òru, a sì máa fara da ẹ̀ẹ̀rùn. Àgbẹ̀ tí ó bá mọ ìwà ọ̀pẹ̀yìnbó ti mọ ìdajì ìwà ọ̀dúndún: ilẹ̀ tí omi dúró sí kò bá èyíkéyìí nínú wọn mu.

BÍ A TI Ń GBÌN WỌ́N

Ẹ wá ìkòkò amọ̀ tàbí agolo, kí ẹ sì rí i pé ó ní ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ìdí. Ẹ da àpáàdì wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀. Ẹ po yanrìn odò apá kan mọ́ ilẹ̀dú apá kan, kí ẹ sì fi ìgbẹ́ ewúrẹ́ tí ó ti jẹrà tán díẹ̀ sí i. Ilẹ̀ amọ̀ tí ó lẹ̀ kò dára.

Bí ọ̀dúndún ni, ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé ẹ̀ka tí ó gùn tó ìka ọwọ́. Ẹ má ṣe gbìn ín ní ọjọ́ náà. Ẹ gbé e sí ibòji fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta títí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ yóò fi gbẹ; ẹ̀ka tí a gbìn pẹ̀lú ọgbẹ́ tútù a máa rà. Lẹ́yìn èyí ẹ kì í bọ ilẹ̀, kí ẹ sì dúró ní ìwọ̀n ọjọ́ márùn-ún kí ẹ tó bomi rin ín. Bí àbámọdá ni, ẹ kàn tẹ́ ewé rẹ̀ kan lélẹ̀ lórí ilẹ̀ ìkòkò náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀ náà ní ọ̀rinrin díẹ̀.

Oòrùn òwúrọ̀ dára fún wọn. Ti ọ̀sán gangan lè jó ewé wọn bí wọ́n bá jẹ́ ọmọdé. Inú yàrá tí ó ṣókùnkùn a máa mú kí wọ́n ga tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni tí ń wá ọ̀nà àtijáde. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀kan yọ ẹ̀ka púpọ̀, ẹ gé orí rẹ̀ nígbà tí ó bá ga tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ẹ̀ka tuntun yóò yọ ní abẹ́ ibi tí a gé, ẹ sì lè gbin orí náà sí ibòmíràn.

ÌTỌ́JÚ NÍ ÀKÓKÒ RẸ̀

Oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe: Òjò bẹ̀rẹ̀. Àkókò yìí ni ó dára jù láti gbin ẹ̀ka tuntun.

Oṣù Ẹ̀bìbí, Òkúdù àti Agẹmọ: Òjò pọ̀. Ẹ má ṣe bomi rin wọ́n rárá. Ẹ gbé èyí tí ó wà nínú ìkòkò sí abẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Oṣù Ògún: Òjò a dáwọ́ dúró díẹ̀. Ẹ tu èpò, kí ẹ sì gé orí èyí tí ó ti ga jù.

Oṣù Owérè àti Ọ̀wàrà: Òjò tún padà. Ẹ ṣọ́ ìgbín ní alẹ́, nítorí pé ó fẹ́ràn ewé tútù. Bí ẹ bá rí kòkòrò funfun bí òwú ní ìdí ewé, ẹ fi àkísà tí a rì sínú omi ọṣẹ nù ún kúrò.

Láti oṣù Bélú títí dé Èrèlé: Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ẹ ti ìka bọ inú ilẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí ó bá gbẹ níbẹ̀ ni kí ẹ tó bomi rin ín. Ẹ̀ẹ̀kan ní ìwọ̀n ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ti tó. Ẹ nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú ewé. Bí òdòdó bá ti rẹ̀ tán, ẹ gé igi rẹ̀ kúrò kí agbára lè padà sí ìdí.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢỌ́RA FÚN

Èkíní, ẹ má ṣe da ẹ̀ka tàbí ewé àbámọdá tí ẹ gé sí oko. Ó ti di èpò tí ó ṣòro láti pa run ní erékùṣù Hawaii àti Galápagos.

Èkejì, ẹ má ṣe fi í fún ẹran jẹ. Oró kan wà nínú rẹ̀ tí í kọlu ọkàn, òdòdó rẹ̀ ni ó sì ní i jù. Ní ilẹ̀ Australia, níbi tí àbámọdá àti àwọn ìbátan rẹ̀ ti di èpò inú pápá, ọ̀pọ̀ màlúù tí ó jẹ wọ́n ti kú.

Ẹ̀kẹta ni ó tóbi jù lọ, mo sì bẹ ẹ̀yin ìyá àti ìyá àgbà kí ẹ fetí sílẹ̀ gidigidi. Ní ibi púpọ̀ ní Nàìjíríà, a máa ń yan ewé àbámọdá lórí iná, a sì ń fún omi rẹ̀ sí ìwọ́ ọmọ tuntun kí ó lè tètè já. Ìfẹ́ ni a fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ewé náà ti inú àgbàlá wá, níbi tí ewúrẹ́ àti adìyẹ ń gbé, ọwọ́ tí ó fún un kì í sábà mọ́, ìwọ́ ọmọ sì jẹ́ ọgbẹ́ tí ó ṣí sílẹ̀. Kòkòrò àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé inú ilẹ̀ àti inú ìgbẹ́ ẹran. Bí ó bá bá ìwọ́ wọlé, ọmọ tí ó ti ń mu ọmú dáradára yóò kọ ọmú láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹrìnlá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò le, ara rẹ̀ yóò máa gan. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó ti kú, tí a sì fi ẹ̀sùn kan aládùúgbò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ọ̀nà àtiyẹra fún un kò ṣòro. Kí aboyún gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn. Kí a fi abẹ tuntun tí ó mọ́ gé ìwọ́. Kí a jẹ́ kí ìwọ́ náà mọ́, kí ó sì gbẹ. Kí a béèrè oògùn chlorhexidine tí a ṣe fún ìwọ́ ọmọ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe kan ojú ọmọ, nítorí pé ó lè fọ́ ọ lójú. Bí ọmọ bá kọ ọmú tàbí tí ara rẹ̀ le, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí náà.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ibà. Ewé ọ̀dúndún tí a fi lé iwájú orí lè tu ara, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ara ọmọ bá ń gbóná, kí a mú un lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, kí a má ṣe fi ewé dá a dúró di ọ̀la.

Ọ̀RỌ̀ FÚN ÀWA ONÍGBÀGBỌ́

Àwọn kan nínú wa ti fa ọ̀dúndún tu kúrò ní àgbàlá wọn, nítorí pé àwọn baba wa a máa fi í ṣe ètùtù àti ìwẹ̀nùmọ́. Ẹ jẹ́ kí a ronú dáradára. Ọlọ́run ni ó dá ewé náà kí ẹnikẹ́ni tó lò ó, Òun ni ó sì kọ́ ọ láti la ẹnu rẹ̀ ní òru. Kì í ṣe ewé ni ó ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá fà á tu nítorí ìbẹ̀rù, àti ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e láti gba ọmọ rẹ̀ là, àwọn méjèèjì ni ó ti fún un ní agbára tí kò ní.

Nítorí náà ẹ gbìn ín, ẹ lu agolo yín ní ihò, ẹ sì dá ọwọ́ omi dúró. Ẹ jẹ́ kí ó máa tutù lẹ́bàá ògiri nígbà tí gbogbo koríko bá gbẹ. Bí a bá sì gbé ọmọ tuntun kan wọ inú ilé yín ní ọdún yìí, ẹ jẹ́ kí ewé wà ní àyè ewé, kí ìwọ́ ọmọ sì wà ní mímọ́.