Ẹ̀fọn inú Ilé, àti Bí A Ti Lè Ṣẹ́gun Rẹ̀

Kò sí ilé kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ ohùn ẹ̀fọn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí àgbẹ̀ gbé ọkọ́ lé èjìká, tí àgbàdo sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ orí lórí ebè, nígbà náà ni kòkòrò kékeré yìí pẹ̀lú ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Àgbẹ̀ a ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́, a jẹun, a sì na ara rẹ̀ sórí ẹní. Kò ì tí ì sùn lọ tán tí ẹ̀fọn yóò ti máa kùn ní etí rẹ̀. Ní ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́hìn náà, ara rẹ̀ gbóná, òtútù ń gbọ̀n ọ́n, orí ń fọ́ ọ, kò sì lè dìde nílẹ̀. Kí ó tó gbádùn, èpò ti bo ebè mọ́lẹ̀. Àkókò tí iṣẹ́ oko pọ̀ jù lọ gan-an ni àkókò tí ibà ń dá àgbẹ̀ dúbúlẹ̀ jù lọ. Bí ó bá sì ṣe pé ọmọ kékeré ni ẹ̀fọn náà jẹ, àdánù rẹ̀ lè ju ti àgbàdo lọ.

Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, nǹkan bí 608,000 ènìyàn ni ibà pa ní gbogbo ayé ní ọdún 2022. Bí a bá pín àwọn òkú wọ̀nyí sí ọ̀nà 10, ó ju ọ̀nà 9 lọ tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà. Ti Nàìjíríà nìkan sì jẹ́ ọ̀nà 3. Àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5 ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà.

OHUN TÍ Ń FA IBÀ

Àwọn àgbà a máa sọ pé oòrùn ni ó ń fa ibà, tàbí epo, tàbí iṣẹ́ àṣejù. Àwọn Òyìnbó pẹ̀lú kò gbọ́n jù wọ́n lọ nígbà kan rí. Wọ́n rò pé afẹ́fẹ́ búburú ni ó ń ti inú àbàtà wá, tí ó sì ń dá ènìyàn ní ibà. Ìtumọ̀ orúkọ tí àwọn ará Ítálì fún àrùn náà nìyẹn. Ní ọdún 1880, dókítà ará Faransé kan tí ń jẹ́ Laveran rí kòkòrò tín-ín-tín nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn alárùn ibà ní ilẹ̀ Àlùjíríà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Ògún, ọdún 1897, dókítà mìíràn, Ronald Ross, la inú ẹ̀fọn kan ní ilẹ̀ Íńdíà, ó sì bá kòkòrò ibà náà níbẹ̀. Nígbà náà ni a tó mọ ẹni tí ń ru àrùn náà kiri. Ní ọdún 1899, Ross wá sí Freetown ní Sàró, ó sì rí i pé ẹ̀fọn ilẹ̀ tiwa náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Kí ó yé wa dáadáa pé ẹ̀fọn kò dá ibà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti ara ènìyàn kan ni ó ti ń mú un, tí ó sì ń gbé e fún ẹlòmíràn. Bí ẹ̀fọn bá mu ẹ̀jẹ̀ alárùn, kòkòrò ibà yóò gbé inú rẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14, yóò pọ̀ sí i, yóò sì dé inú itọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni tí ẹ̀fọn yìí bá jẹ lè gba ibà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wo ibà ara rẹ̀ sàn, ó gba aládùúgbò rẹ̀ pẹ̀lú là.

Abo ẹ̀fọn nìkan ni ó ń mu ẹ̀jẹ̀, nítorí ó nílò rẹ̀ kí ẹyin rẹ̀ tó lè gbó. Omi dídùn inú òdòdó àti ewéko ni akọ ń mu, kò sì ṣe ènìyàn ní ibi kankan.

Ẹ̀FỌN KÌ Í ṢE Ẹ̀YÀ KAN ṢOṢO

Èkíní ni ẹ̀fọn ibà. Òru ni ó ń jẹ ènìyàn, pàápàá láti ìgbà tí ilé bá ti pa rọ́rọ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́. Bí ó bá bà sára ògiri, a máa gbé ìdí sókè bí ẹni tí ó dorí kodò. Omi tí kò dọ̀tí, tí oòrùn ń pa, ni ó fẹ́ràn: ọ̀gọ̀dọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ihò tí a ti wa amọ̀, àní ipa ẹsẹ̀ màlúù tí òjò kún. Òun náà ni ó ń gbé jàkùtẹ̀, èyí tí ń mú kí ẹsẹ̀ wú bí ti erin, kiri ní ọ̀pọ̀ ìletò.

Èkejì ni ẹ̀fọn ọ̀sán. Ó dúdú, ó sì ní àmì funfun tótòtó ní ara àti ní ẹsẹ̀. Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ó ń jẹ ènìyàn jù. Ìtòsí ènìyàn ni ó ń gbé: inú àmù, agolo, àfọ́kù ìkòkò àti táyà tí a jù sí ẹ̀hìnkùlé. Òun ni ó ń gbé ibà pọ́njú. Dókítà Carlos Finlay ní ilẹ̀ Kúbà ti sọ èyí ní ọdún 1881, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò gbà á gbọ́. Nígbà tí a jẹ́rìí sí i ní ọdún 1900, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí bo ohun ìpọnmi gbogbo ní ìlú Havana, tí a ń da omi ìdákúdàá nù láti ilé dé ilé, ibà pọ́njú kúrò nínú ìlú náà ní ọdún 1901, lẹ́hìn tí ó ti ń pa ènìyàn níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀fọn gọ́tà. Omi ìdọ̀tí, ṣáláńgá àti omi ẹ̀gẹ́ tí a rẹ tí a kò dà nù ni ó ti ń wá. Òun ni ó ń pariwo jù létí, tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn.

IBI TÍ A TI LÈ MÚ UN

Àwọn Yorùbá ní, “Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé.” Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ẹ̀fọn. Kì í ti ọ̀nà jíjìn wá. Àgbàlá wa ni a ti ń tọ́ ọ dàgbà. Orí omi tàbí etí omi ni ó ń yé ẹyin sí. Ẹyin a di tanwíjí, èyí tí gbogbo ènìyàn ti rí tí ń jó nínú omi àmù. Tanwíjí kò lè ṣe aláì wá sójú omi láti mí. Lẹ́hìn èyí, ó di ẹ̀fọn, ó sì fò lọ. Láti ẹyin títí di ẹ̀fọn, kò ju nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 14 lọ ní ilẹ̀ olóoru.

Nínú iye ọjọ́ yìí ni ọgbọ́n wà. Ẹni tí ó bá ń da omi ìdákúdàá nù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tanwíjí rẹ̀ kì yóò di ẹ̀fọn láé. Tanwíjí kò ní ìyẹ́, kò sì lè sá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fò, ta ni yóò lé e bá?

Nítorí náà, kí baálé ilé yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, bí òwúrọ̀ Sátidé, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì ṣe nǹkan wọ̀nyí:

1. Kí wọ́n da omi àmù àti ti àgbá nù, kí wọ́n fi kànrìnkàn fọ inú wọn yíká. Ẹyin ẹ̀fọn ọ̀sán a máa lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò, ó sì lè gbẹ síbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ láìkú. Bí omi bá tún kàn án, yóò pa. Lẹ́hìn náà, kí wọ́n fi ọmọrí tí ó ṣe déédéé tàbí aṣọ mímọ́ bò ó pinpin.

2. Kí wọ́n kó agolo, ìgò fífọ́, èèpo àgbọn, karahun ìgbín àti àfọ́kù gbogbo, kí wọ́n rì wọ́n mọ́lẹ̀. Kí wọ́n gbé táyà sí abẹ́ òrùlé tàbí kí wọ́n dá a lu kí omi lè máa jáde. Kí wọ́n máa pààrọ̀ omi adìyẹ.

3. Kí wọ́n dí ihò tí a ti wa amọ̀ ilé. Bí ihò náà bá tóbi ju ohun tí a lè dí lọ, kí wọ́n sin ẹja sínú rẹ̀. Ẹja a máa jẹ tanwíjí.

4. Kí wọ́n la ojú àgbàrá kí omi lè máa ṣàn, kí wọ́n sì bo ihò ṣáláńgá.

5. Kí èèpo kòkó má ṣe wà nítòsí ilé, nítorí omi òjò a máa dúró nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àgbẹ̀ má ṣe sun gbogbo rẹ̀ níná lóko. Àwọn kòkòrò tín-ín-tín kan ń gbé inú èèpo kòkó tí ó ti ń jẹrà, àwọn ni wọ́n sì ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó kòkó láti orí ọ̀kan dé orí èkejì tí kòkó fi ń so.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá ti ro igbó ẹ̀hìnkùlé, ẹ̀fọn ti tán. Igbó ríro dára, nítorí ó ń fi agolo tí ó fara pamọ́ hàn. Ṣùgbọ́n igbó kì í bí ẹ̀fọn. Omi ni í bí i.

ILÉ ÀTI IBÙSÙN

“Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.” Àlàfo tí ó wà láàárín orí ògiri àti òrùlé ni ọ̀nà tí ẹ̀fọn ibà ń gbà wọlé jù lọ ní ilé oko. Kí a dí i, kí a sì ta nẹ́ẹ̀tì sí ojú fèrèsé, bí agbára bá gbé e.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni àwọ̀n ẹ̀fọn tí a ti fi oògùn sí. Ẹ̀fọn tí ó bá bà lé e lè kú, nítorí náà ó ń ṣe ilé ní àǹfààní ju ẹni tí ó sùn sábẹ́ rẹ̀ nìkan lọ. Bí ó bá jẹ́ titun, kí a ta á síbi òjìji fún odidi ọjọ́ kan kí a tó lò ó. Kí a ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní. Bí ó bá dọ̀tí, ọṣẹ tí kò le ni kí a fi fọ̀ ọ́, kí a sì sá a síbi òjìji, nítorí oòrùn a máa ba oògùn rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá ya, kí a rán an. A lè lò ó fún nǹkan bí ọdún 3. Àwọn kan ń fi í bo ẹ̀fọ́ nínú ọgbà, àwọn mìíràn ń fi í ká adìyẹ mọ́. Ẹ̀fọ́ kì í ṣe ibà, adìyẹ kì í sì í gba ibà ènìyàn. Bí àwọ̀n kò bá kárí ilé, aboyún àti àwọn ọmọ kékeré ni kí ó kọ́kọ́ kàn.

ÈÉFÍN ÀTI OÒGÙN

Ewé efinrin, ewé dóńgóyárò àti èèpo ọsàn gbígbẹ tí a finá sí a máa lé ẹ̀fọn sẹ́hìn fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í pa á. Bí èéfín bá ti lọ, ẹ̀fọn padà dé. Èéfín náà pẹ̀lú kò dára fún àyà àwọn ọmọdé. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fọ́n oògùn kòkòrò inú oko sí yàrá, tàbí kí ó dà á sínú omi. Oògùn tí a ṣe fún igi kòkó lè pa ènìyàn.

BÍ IBÀ BÁ DÉ

Bí ara ọmọ bá gbóná, kí a má ṣe dúró di ọjọ́ kẹta. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an tàbí lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan tó láti yẹ̀ ẹ́ wò, a ó sì mọ èsì láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20. Kí a lo oògùn tí a bá fún un tán pátápátá, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá ní ọjọ́ kejì.

Bí gìrì bá mú ọmọ, ibà ti wọ̀ ọ́ lára púpọ̀. Kí a tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí a má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí a má ṣe na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná, kí a má sì ṣe fún un ní ìtọ̀ màlúù mu. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí gìrì ìbá fi sílẹ̀ ni àwọn nǹkan wọ̀nyí ti ṣe ní ibi. Ilé ìwòsàn ni kí a sáré gbé e lọ.

Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wolé-wolé a máa bojú wo inú àmù. Bí ó bá rí tanwíjí, onílé yóò san owó ìtanràn. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ènìyàn bá gbọ́ pé ó ń bọ̀ nìkan ni wọ́n ń da omi nù. Bí ó bá ti kọjá, omi tún kún. Ẹ̀fọn kì í retí wolé-wolé. Kí olúkúlùkù jẹ́ wolé-wolé ilé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tún ilé tirẹ̀ ṣe, tí táyà aládùúgbò rẹ̀ kún fún omi, iṣẹ́ rẹ̀ kò tí ì parí. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Bí àdúgbò ti ń pe ọ̀wẹ̀ láti kọ́ ilé, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó pe ọ̀wẹ̀ láti dí ihò tí ó wà lẹ́hìn ilé náà, kí òjò tó dé. Agbára ọjọ́ kan ni yóò gbà. Àgbẹ̀ tí ibà dá dúbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ní ìgbà ìro èpò mọ iye tí ọjọ́ kan tó.