Kànga Tí Wọ́n Pa Tì

Ẹni tó ra ilé àtijọ́ n'Íbàdàn tàbí l'Ábẹ́òkúta, tó wá ń ro ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kó lè gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀, lè ṣàkíyèsí pé ilẹ̀ rì díẹ̀ níbì kan, tàbí pé koríko ibẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú gbogbo ìyókù gbẹ. Bí àdá bá wá dún lára páànù, ẹ dúró níbi tí ẹ wà. Ó ṣeé ṣe kí kànga wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ má fi ẹsẹ̀ dán an wò. Páànù tí ewé ti bò fún ọdún pípẹ́ ti dípẹtà. Bó bá sì jẹ́ pákó ni wọ́n fi dé e, ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, òkè nìkan ló kù. Kànga tí kò ní ríìngì kọnkéré tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹnu rẹ̀ máa ń jẹ wọlé lábẹ́ ilẹ̀, tí òkè á sì dà bí ilẹ̀ gidi. Ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ fi ọ̀pá gbọọrọ máa gún ilẹ̀ yí ibẹ̀ ká títí ẹ ó fi mọ ibi tó le. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ sọ ọgbà yí i ká, nítorí ọmọdé.

Ẹ wá lọ bá àwọn àgbà àdúgbò. Kànga kì í ṣàdédé di ohun ìgbàgbé, ìdí tí wọ́n fi pa á tì ló sì máa sọ ohun tí ẹ lè fi ṣe. Ó lè jẹ́ omi ẹ̀rọ ló dé: ìjọba parí ìsédò Ẹlẹ́yẹlé n'Íbàdàn ní 1942, àwọn agboolé tí ẹ̀rọ kàn sì sinmi okùn fífà. L'Ékòó náà, kí ẹ̀rọ tó dé, ìdílé da Rocha, àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé, ń ta omi kànga ní òpópónà Kakawa. Water House ni wọ́n ń pe ilé náà. Kànga tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ẹ̀sùn lọ́rùn. Ó sì lè jẹ́ pé ó máa ń gbẹ ní oṣù kejì ọdún, ìyẹn náà kò burú jù fún ẹni tó kàn fẹ́ bomi rin ẹ̀fọ́. Àmọ́ bí wọ́n bá ní ilé epo kan ṣí nítòsí, omi wá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bẹntiróò, tàbí pé ará ilé kejì gbẹ́ ṣáláńgá sí ẹ̀bá ògiri, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bí wọ́n bá sì sọ pé èèyàn kan kú sínú rẹ̀, ẹ béèrè bó ṣe kú.

Dígí ni mo fẹ́ràn jù fún wíwo inú kànga, ó sàn ju tọ́ọ̀ṣì lọ. Bí oòrùn bá mú, ẹ dúró sókèèrè, kí ẹ fi dígí da ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sínú ihò náà, kí ẹnì kan tó dọ̀bálẹ̀ sórí pákó gígùn máa wò ó. Ẹ ó rí ibi tí ríìngì parí sí, ibi tí amọ̀ ti ń ya, àti gbòǹgbò tó ti gba ògiri kọjá. Bí ẹnu kànga bá jẹ́ kọnkéré, ẹ fọwọ́ pa á: ẹ ó bá ojú ibi tí okùn ti ń họ ọ́, ìlà tó jìn tó ìka kan, tó sì ń dán. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi kanlẹ̀, kí ẹ fà á jáde. Ibi tó gbẹ lára okùn ni ìjìnnà omi sí òkè, ibi tó tutù sì ni jíjìn omi fúnra rẹ̀. Bí kànga bá fẹ̀ ní mítà 1 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, mítà 1 omi inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi lítà 785.

Ẹnikẹ́ni nínú yín kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí ní ìdá 21 nínú 100 oxygen. Nínú kànga tí wọ́n ti dé pa, ewé tó ń jẹrà àti àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ti lo púpọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì ti fi carbon dioxide dípò rẹ̀. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló ń jókòó sí. Kò ní àwọ̀, kò rùn. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ lè dákú kó tó pariwo, ẹni tó bá sì tẹ̀ lé e láti gbà á là á dákú lé e lórí. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ pé ẹni mẹ́ta kú sínú kànga kan ṣoṣo. Bí ẹnì kan bá já sínú rẹ̀, ẹ pe 112, ẹ pe panápaná, kí ẹ di àwọn ẹbí rẹ̀ mú lókè.

Àwọn àgbà máa ń sọ àtùpà kalẹ̀ wò. Bí iná bá kú, òótọ́ ni pé ikú wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá kú, kò tíì sọ nǹkan kan fún yín, nítorí pé oxygen ti máa dín kù débi tí yóò pa èèyàn lára kí iná tó kú, iná kì í sì í mọ̀ bóyá carbon monoxide, májèlé inú èéfín ẹ̀ńjìnnì, wà níbẹ̀.

Ẹ̀rọ ìfami ló sábà máa ń gbé carbon monoxide yìí wọ inú kànga. Ẹ̀rọ tó jókòó sórí ilẹ̀ kì í fi agbára tirẹ̀ fa omi gòkè. Ṣe ló ń kó afẹ́fẹ́ inú páìpù kúrò, ìwúwo afẹ́fẹ́ ìta á wá ti omi sókè dípò rẹ̀. Ìwúwo yẹn kò lè gbé omi kọjá nǹkan bíi mítà 10, nínú iṣẹ́ gidi ó máa ń pin sí mítà 7 tàbí 8. Bí omi bá wà nísàlẹ̀ ju ìyẹn lọ, ẹ̀rọ á kàn máa pariwo lásán. Ọlọ́gbọ́n àdúgbò á wá ní kí wọ́n gbé ẹ̀ńjìnnì bẹntiróò sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n gbé e lé pákó nítòsí omi. Èéfín rẹ̀ kò ríbi gbà jáde. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ pa á, kódà lẹ́yìn tí ó ti dákẹ́, kì í sábà padà wá. Ẹ̀rọ oníná tó ń wọ inú omi, tí wọ́n ń pè ní sọ́mò, ni kí ẹ rà, tàbí kí ẹ máa fi okùn àti korobá fa omi yín.

Oṣù kejì sí ìkẹta ni àsìkò tó dára jù láti kó kànga, torí omi lọ sísàlẹ̀ nígbà náà. Ẹ má fa gbogbo omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá lásìkò òjò: ògiri tí kò ní ríìngì fi ara ti omi inú rẹ̀, bí omi bá kúrò lójijì, amọ̀ lè ya lulẹ̀. Àwọn agbẹ́kànga tó mọṣẹ́, tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, tí okùn wà lára ẹni tó wọlé, tí ènìyàn méjì sì dúró lókè, ni kí ẹ gbé iṣẹ́ náà fún. Ẹ ní kí wọ́n gbé ẹnu rẹ̀ ga dé ìbàdí, kí wọ́n da kọnkéré tó dà gẹ̀rẹ́ yí i ká, kí omi tó ṣẹ́ má baà padà wọlé. Irú ẹnu gíga bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó bá wa lé sòbìà lọ, nítorí pé ẹlẹ́sẹ̀ sòbìà kò lè wọ́ wọ inú omi mímu mọ́. Ní 2013 ni WHO kéde pé Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà.

Lẹ́yìn kíkó rẹ̀, fún lítà 1,000 omi, lítà 1 omi afọṣọfunfun tí kílórínì rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100, tí kò ní lọ́fínńdà, tó. Ẹ pò ó mọ́ omi nínú korobá, ẹ dà á kà gbogbo ògiri, kí ó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ẹ fa omi náà dànù síbi tí kò sí ohun ọ̀gbìn títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ.

Kànga tó bá ti kọjá ìyẹn lè rin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewédú, ṣùgbọ́n ìdí ewéko ni kí ẹ dà á sí, pàápàá ohun tí ẹ ó jẹ ní tútù. Omi mímu kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí títí ẹ ó fi gbé e lọ sílé àyẹ̀wò. Álọ́ọ̀mù á mú un mọ́ lójú, kò ní pa àrùn. Bí omi ṣáláńgá bá ti kó nitrate sínú rẹ̀, sísè kò lè yọ ọ́, ọmọ ọwọ́ ló sì léwu fún jù. Mítà 30 ni wọ́n máa ń ní kó wà láàárín kànga àti ṣáláńgá.

Bí àyẹ̀wò bá wá burú, tàbí tí omi ń rùn bẹntiróò, ẹ dí i. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di ààtàn tàbí ihò ìdọ̀tí, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe, nítorí omi abẹ́ ilẹ̀ kan náà ni kànga aládùúgbò ń mu. Ẹ da òkúta mímọ́ sínú rẹ̀ títí yóò fi ga ju omi lọ, kí ẹ wá máa da amọ̀ pupa lé e, ẹ máa gún un ní ìpele-ìpele. Yóò rì díẹ̀ lẹ́yìn òjò ọdún kan tàbí méjì, ẹ tún un dí. Ẹ má mọ ògiri sórí rẹ̀.