Ọ̀sà Kò Mọ Bọ́dà

Títì Sẹ̀mẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa fi mọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀: kọ́sítọ́ọ̀mù, àpò ìrẹsì, àwọn tó ń ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà. Ọ̀nà yẹn kì í jẹ́ kéèyàn rí ìlú onílùú dáadáa. Ará Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú ní ọ̀nà mìíràn, tó ti wà kí òyìnbó tó fa ààlà kankan. Ọ̀sà tó wà létí ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́ gba iwájú Ìkòròdú, ó gba Èkó, ó gba Àgbádárìgì, omi kò sì já títí ó fi dé Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, olú-ìlú Bẹ̀nẹ̀. (Kútọnu ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àjàṣẹ́ ló ni oyè náà.)

Bí omi bá kọjá Àjàṣẹ́ díẹ̀, yóò fẹ̀ di adágún Nokoué. Níbẹ̀, apẹja Ẹ̀pẹ́ kò nílò ẹni tó máa là á yé e. Ohun tí odò Ọ̀ṣun ń ṣe fún ọ̀sà wa ni odò Ouémé ń ṣe fún Nokoué: òjò a rọ̀ lókè, odò a kún, omi dídùn a lé omi iyọ̀ sẹ́yìn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi òkun a tún gba Kútọnu wọlé, irú ẹja tó ń kó sáwọ̀n a sì yí padà. Àwọn Faransé ló la ojú omi Kútọnu yẹn ní 1885.

Ohun tó máa ya apẹja wa lẹ́nu ni akaja. Wọ́n á ri ẹ̀ka igi pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ omi, ewédò á hù sára rẹ̀, ẹja á máa jẹ níbẹ̀, á sì máa bí sí i. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á yọ igi kúrò, wọ́n á kó ẹja. Lójú tèmi, iṣẹ́ àgbẹ̀ nìyẹn ju iṣẹ́ apẹja lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi tí wọ́n ń gé fún un ti jẹ́ kí igbó etí omi tán lọ́pọ̀ ibi.

Orí omi yìí kan náà ni ìlú Ganvié wà, gbogbo ilé rẹ̀ lórí òpó. Àwọn baba ńlá ará ibẹ̀ ló sá fún àwọn akónilẹ́rú ìjọba Dàhòmì, tó gba Allada ní 1724, tó gba Wídà ní 1727, tó ń ta èèyàn sókè òkun. Ẹ̀pẹ́ náà mọ ohun tó ń jẹ́ kí omi gba ni là. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní December 1851, Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ gba ojú ọ̀sà lọ. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n tẹ̀dó sí, ibẹ̀ ló sì ti tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ní 1854. Ìran wọn ni Èkó-Ẹ̀pẹ́ títí dòní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́.

Dàhòmì kò dá Yorùbá sí. Ọdún 1886 ni ó fọ́ Kétu, ìlú Yorùbá tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Kò pẹ́ tí Faransé fi gba Abomey, olú-ìlú Dàhòmì, lọ́wọ́ ọba ibẹ̀, Béhanzin, tí wọ́n sì kó ẹrù ààfin lọ. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré nínú rẹ̀, tó fi mọ́ àga ọba, ni wọ́n dá padà ní November 2021. Orúkọ Bẹ̀nẹ̀ kò ju 1975 lọ. Mathieu Kérékou, olórí orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn, ló fi rọ́pò Dàhòmì tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀; kì í sì í ṣe ilẹ̀ Ọba Bìní.

Bí a bá kúrò lórí omi, ilé ti ń jìnnà nìyẹn. Láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí ìwọ̀-oòrùn, òjò ń dínkù; igbó kìjikìji já ní Bẹ̀nẹ̀, ọ̀dàn sọ̀kalẹ̀ dé etíkun, ó sì di Gánà kí igbó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ náà tẹ́ẹ́rẹ́: etíkun rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 120, àmọ́ láti òkun dé odò Ọya ní àríwá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 700. Lọ́hùn-ún, lẹ́yìn òkè Atakora, ni igbó ọba Pendjari wà. Igbó náà àti àwọn tó so mọ́ ọn ní Burkina Faso àti Niger ni èyí tó pọ̀ jù nínú kìnnìún tó kù ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń gbé, pẹ̀lú erin, ẹfọ̀n àti erinmi.

N kò ní rán ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀ báyìí. Àwọn agbébọn láti ìhà Burkina Faso ti pa ọmọ ogun àti olùṣọ́ igbó níbẹ̀ láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ẹni tí erinmi bá wù ú rí, kó yà sí odò Mono, lẹ́bàá ààlà Tógò, ní gúúsù. Kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Wídà, ọkọ̀ ilẹ̀ sì ń lọ.