Ṣé O Mọ̀? Ohun Tí Iléeṣẹ́ Fi Sílẹ̀ Lábẹ́ Ilẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa á bèèrè bóyá onílẹ̀ gan-an ló ń tà á, á mú awọnlẹ̀ lọ síbẹ̀, á sì wádìí bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Ìbéèrè tó ṣọ̀wọ́n lẹ́nu wa ni pé: iṣẹ́ wo ni wọ́n ti ṣe lórí ilẹ̀ yìí rí?

Ṣé o mọ̀ pé dọ́là kan péré ni wọ́n ta ilẹ̀ kan tó padà lé aráàlú kúrò nílé? Ní Niagara Falls, ìpínlẹ̀ New York, iléeṣẹ́ Hooker Chemical bẹ̀rẹ̀ sí í sin pàǹtí kẹ́míkà sínú Love Canal, ipa omi kan tí wọ́n gbẹ́ tì, ní 1942. Ó tó nǹkan bíi 20,000 tọ́ọ̀nù kí wọ́n tó fi erùpẹ̀ bò ó, tí wọ́n sì tà á fún ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ìlú náà ní 1953. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀ pé kẹ́míkà wà níbẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí i, ilé gbígbé sì yí i ká. Nígbà tó yá, kẹ́míkà ń sun wọ yàrá abẹ́ ilé àwọn èèyàn. Ní 1978, Ààrẹ Jimmy Carter kéde pàjáwìrì, àwọn ìdílé sì kó jáde. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó bí òfin Superfund ti 1980, tó ní kí ẹni tó bá ba ilẹ̀ jẹ́ sanwó àtúnṣe rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó ń yẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò kì í kọ́kọ́ gbé ṣọ́bìrì? Ìwé àtijọ́ ló máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ Sanborn bẹ̀rẹ̀ sí í ya máàpù àwọn ìlú láti 1867, kí àwọn adójútòfò lè mọ ilé tí iná lè tètè jó. Wọ́n ya ibi tí táǹkì epo wà àti ibi tí bọ́ílà dúró sí. Iná ni wọ́n ń bẹ̀rù nígbà náà. Máàpù kan náà ni wọ́n fi ń wá májèlé lónìí. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á wá àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ lọ. Ọlọ́dẹ tó ti fẹ̀yìn tì lè mọ ibi tí wọ́n ń da epo ìdọ̀tí sí lóru ju ọ̀gá iléeṣẹ́ lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ihò mẹ́ta ló ń tú àṣírí ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń lọ? Omi náà kì í dúró sójú kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibòmíràn wà tí kì í rìn ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ lóòjọ́. Wọ́n á lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tí kò tò sórí ìlà kan náà. Wọ́n á sọ okùn ìwọ̀n sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí orí rẹ̀ bá ti kan omi, ẹ̀rọ tó wà lókè á dún píì. Ọ̀dọ̀ èyí tí omi rẹ̀ ga ni omi ti ń bọ̀, ọ̀dọ̀ èyí tó relẹ̀ ló ń lọ. Nígbà náà ni wọ́n á mọ kànga ẹni tó wà lójú ọ̀nà májèlé.

Ṣé o mọ̀ pé májèlé kan ń léfòó, òmíràn sì ń rì? Epo mọ́tò fúyẹ́ ju omi lọ. Nígbà tí UNEP, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ lórí ilẹ̀ Ògóni jáde ní 2011, wọ́n sọ pé àwọn bá epo tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8 lórí omi abẹ́ ilẹ̀ ní Nisisioken Ogale. Nínú kànga tí àwọn ará ibẹ̀ ń mu, benzene, kẹ́míkà tó ń fa jẹjẹrẹ, lé ní ìlọ́po 900 ìwọ̀n tí àjọ WHO fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n trichloroethene, tí wọ́n fi ń fọ gírísì kúrò lára irin, wúwo ju omi lọ. Á gba inú omi kọjá, á lọ ba sínú pàlàpálá àpáta nísàlẹ̀. Ẹni tó bá bu omi òkè nìkan wò á ní ilẹ̀ náà mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé kòkòrò àìfojúrí kan ń fi irú májèlé yẹn mí? Ní 1997, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cornell kéde èyí tí wọ́n sọ ní Dehalococcoides, tó ń já chlorine kúrò lára kẹ́míkà náà níkọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí, ikú ni fún un. Nítorí náà, àwọn tó ń tún ilẹ̀ ṣe a máa da oje ìrèké dúdú tàbí òróró wọlẹ̀, kí àwọn kòkòrò yòókù lè jẹ ẹ́, kí wọ́n sì mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán. Bó bá ṣiṣẹ́ dópin, gáàsì ethene ló kù, èyí tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fúnra rẹ̀ ń tú jáde bó bá ń pọ́n. Bó bá dúró lágbedeméjì, vinyl chloride ló kù, ìyẹn sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ṣé o mọ̀ pé èérún irin lè fọ omi mọ́? Ní 1991, ní Borden, Kánádà, Robert Gillham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Waterloo ri èérún irin tí wọ́n pò mọ́ yanrìn mọ́lẹ̀ síwájú omi tó ní májèlé. Bí omi ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá, irin ń dípẹtà, ó sì ń fọ́ kẹ́míkà náà túútúú. Kò sí pọ́ǹpù, kò sí jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ Ògún ni, kò jayò pa.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n fọ erùpẹ̀ nítorí Òlíńpíìkì 2012? Ibi iléeṣẹ́ àti ààtàn ni Stratford, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, jẹ́ tipẹ́. Wọ́n wa nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 tọ́ọ̀nù erùpẹ̀, wọ́n kó èyí tó ní májèlé lọ síbi tí wọ́n pè ní ilé ìwòsàn erùpẹ̀, wọ́n sì rí nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gbogbo rẹ̀ lò padà. Ara amọ̀ kíkúnná ni májèlé máa ń lẹ̀ mọ́ jù, kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ yanrìn àti òkúta. Bí wọ́n bá ti fi omi yà wọ́n sọ́tọ̀, ìwọ̀nba amọ̀ ló kù láti kó sọ nù.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí dé Ìbàdàn? Ní Kumapayi, lágbègbè Olódó, wọ́n da pàǹtí láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe bátìrì mọ́tò sílẹ̀ gbalasa. Àwọn olùwádìí ṣàyẹ̀wò erùpẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì bá òjé tó pọ̀ gan-an. Òjé kì í jẹrà, kò sì sí kòkòrò tó lè jẹ ẹ́ tán.

Ṣé o mọ̀ pé síse omi kò lè lé òjé kúrò? Ooru ń pa kòkòrò àrùn, àmọ́ bí omi bá ṣe ń gbẹ lọ nínú ìkòkò, òjé kì í bá a lọ; ṣe ló túbọ̀ ń pọ̀ sí i nínú èyí tó kù. Kò ní òórùn. Bí kànga rẹ bá sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì, tàbí ibi tí ilé epo wà rí, gbé omi rẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò kí o tó mu ún. Má kàn ní kí wọ́n bá ọ yẹ omi wò, torí kòkòrò àrùn ni ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ń wá. Dárúkọ òjé fún wọn, dárúkọ benzene. Ohun tí o ò bá ní kí wọ́n wá, wọn ò ní wá a.