Ẹ̀kọ́ Ilé ní Ọjà Ọba: Ìyá Ọlọ́jà gẹ́gẹ́ bí Olùkọ́ Àwọn Ọmọ Rẹ̀

Bí Yorùbá bá sọ nípa ọmọ kan pé kò ní ẹ̀kọ́ ilé, kì í ṣe pé ọmọ náà kò mọ̀wé ni wọ́n ń wí. Ó lè ti gboyè ní yunifásítì. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò mọ bí a ti ń kí ènìyàn, kò mọ bí a ti ń dúró níwájú àgbà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ bí oúnjẹ bá dé iwájú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ìyá kan láàárín wa bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ọmọ wọn dúró sílé láti kọ́ wọn ní ìwé kíkà àti ìṣirò fúnra wọn, bí àwọn kan ti ń ṣe ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba, kò rọrùn láti wá orúkọ fún iṣẹ́ náà, torí pé ẹ̀kọ́ ilé ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé àṣà òkèèrè pátápátá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ jókòó ti ìyá ọlọ́jà kan ní Ọjà Ọba, ní Òṣogbo tàbí ní Iléṣà, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, yóò rí i pé ẹrù tí àwọn ìyá wọ̀nyí gbé lé ara wọn ti pẹ́ lórí obìnrin ilẹ̀ yìí. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé wọ́n yọ ọjà kúrò nínú rẹ̀.

Ọjà Ọba kì í ṣe orúkọ ọjà kan ṣoṣo. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, níbi tí ààfin bá wà, ìtòsí rẹ̀ ni a ti ń ná ọjà tí ó lókìkí jù, orúkọ ọba ni a sì fi ń pè é. Ti Òṣogbo wà nítòsí ààfin Àtáọ́ja, ilé Ọ̀ṣun kò jìnnà sí i, mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú sì wà ní àdúgbò kan náà. Ti Iléṣà wà lẹ́bàá ààfin Ọwá Obòkun. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, èrò láti ìlú púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé níbẹ̀. Ọmọ tí ó bá dàgbà nídìí ìsọ̀ ní irú ọjà bẹ́ẹ̀ a máa gbọ́ ẹ̀ka èdè púpọ̀ kí ó tó mọ orúkọ gbogbo ìka ọwọ́ rẹ̀. Ìjẹ̀ṣà kì í fi ọ̀rọ̀ ọlọ́pọ̀ bọ̀wọ̀ fún àgbà bí Ọ̀yọ́ ti ń ṣe. Ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n fi ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń bá baba sọ̀rọ̀, kò sì sí àfojúdi níbẹ̀. Ọmọ Iléṣà tí ìyá rẹ̀ wá ń tajà ní Òṣogbo kò ní pẹ́ kọ́ pé oníbàárà tí ó jẹ́ ará Ọ̀yọ́ ń retí “ẹ”. Ẹ̀kọ́ gírámà nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì kọ ọ́ sára pátákó.

Kí a wo ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀wà, gàrí àti èlùbọ́, tí Ọlọ́run sì fi ọmọ márùn-ún ta lọ́rẹ. Àbíkẹ́yìn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin jókòó lórí ẹní, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ẹni tí ó bá rò pé eré lásán ni, kí ó wo bí ojú ọmọ náà ti ń kọ́ láti mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ó jọra. Ọmọ ọdún mẹ́fà ń la ẹnu láílọ́ọ̀nù, ó sì ń ka kóńgò sókè bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti ń wọn gàrí. Àkọ́bí, ọmọbìnrin ọdún méjìlá, ni ó ń gba owó, tí ó ń fún oníbàárà ní ṣéńjì, tí ó sì ń rántí ẹni tí ó ra àwìn. Ìyá náà kò wá ẹ̀kọ́ márùn-ún fún ọmọ márùn-ún. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó wà nílẹ̀, ó sì pín in gẹ́gẹ́ bí agbára olúkúlùkù ti mọ. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú rí láti kọ́ ọmọ mẹ́ta tí ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba nínú yàrá kan yóò mọyì ọgbọ́n yìí: bí a bá ń ṣàlàyé ìdámẹ́ta fún ẹ̀gbọ́n, oorun ti ń kun àbúrò, èyí tí ó kéré jù sì ti fa ìwé ya. Nídìí ìsọ̀, ẹ̀gbọ́n ni olùkọ́ àbúrò. Àṣìṣe kò sì ní láti dúró de ọjọ́ ìdánwò kí ó tó hàn, nítorí oníbàárà kì í dákẹ́ bí kóńgò rẹ̀ kò bá kún.

Èènì yẹ fún ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Ọmọ tí a bá ní kí ó fi èènì sí ọjà ni a gbé ìṣòro lé lọ́wọ́. Bí ó bá bu kékeré jù, oníbàárà lè má padà wá; bí ó bá bu púpọ̀ jù, èrè ìyá rẹ̀ ti lọ. Ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ó máa ń rà déédéé, kí ó mọ arúgbó, kí ó mọ ẹni tí ó ná ọjà títí tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ìwé ìṣirò tí ó tẹ ìdáhùn rẹ̀ sí ẹ̀yìn.

Ní ti ìṣirò gan-an, èdè fúnra rẹ̀ ń ran ìyá lọ́wọ́. Ní ayé owó ẹyọ, márùn-ún márùn-ún ni a ń kà á. Ogójì ni a ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, èyí tí í ṣe 2,000, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Owó ẹyọ ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ kù nínú òǹkà wa. Míṣọ́nnárì Adolphus Mann ti so òǹkà Yorùbá mọ́ kíka owó ẹyọ nínú àròkọ rẹ̀ ti 1887. Ọmọ tí ó bá pe 45 ní márùndínláàádọ́ta ti yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Ọgọ́ta sì jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni 700, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, jẹ́ igba mẹ́rin tí ó dín ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan ń sọ pé òǹkà yìí le jù fún ọmọdé. Ó le fún ẹni tí a kò bá jẹ́ kí ó fi ná nǹkan.

Ohun tí Terezinha Carraher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì rí ní ìlú Recife ní Brazil, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1985, tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ márùn-ún tí ń tajà, láti ẹni ọdún 9 dé 15, ni wọ́n wò. Nígbà tí wọ́n ṣe bí oníbàárà, tí wọ́n ń béèrè iye tí àgbọn mélòó kan yóò jẹ́, àwọn ọmọ náà gba ìdáhùn 98 nínú 100. Nígbà tí a gbé irú ìṣirò kan náà fún wọn lórí ìwé, láìsí àgbọn, láìsí owó, wọn kò gbà ju nǹkan bí 37 nínú 100 lọ. Ẹni tí ó fẹ́ràn ọjà a máa di 98 mú, ẹni tí ó fẹ́ràn ilé-ìwé a sì tọ́ka sí 37. Ìyá tí ó ń kọ́ ọmọ kò gbọdọ̀ gbàgbé èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ọmọ lè mọ ìṣirò dáadáa kí ó má sì lè gbé e dé orí ìwé. Ọ̀nà tí ó so ọjà mọ́ ìwé kì í là fúnra rẹ̀, ẹnìkan ni ó gbọ́dọ̀ là á.

Òṣogbo ní ẹ̀kọ́ mìíràn tí kò jọ ti kóńgò. Ìlú aró ni a ń pè é, aró sì jẹ́ iṣẹ́ tí ìyá ń kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀. A ó gún ewé èlú, a ó ṣù ú, a ó sá a gbẹ. A ó ro omi eérú láti inú ìkòkò tí a dá ìdí rẹ̀ lu. A ó kó èlú sínú omi náà, a ó sì dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Kò sí aago tí ó ń sọ ìgbà tí aró tó. Òórùn rẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ ni ìyá fi ń mọ̀ ọ́n, ọmọ kò sì lè kọ́ èyí lọ́jọ́ kan, àfi kí ó wà níbẹ̀ nígbà tí aró dára àti nígbà tí ó bàjẹ́. Nike Davies-Okundaye, tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí àdìrẹ, kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní Ògìdì kí ó tó dá ibùdó ìkọ́ni tirẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983.

Ní Iléṣà, ẹ̀kọ́ gbèsè ni ó gbilẹ̀. Àwọn Òṣómàáló, oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń gbé aṣọ kiri láti tà láwìn, gba orúkọ wọn nítorí pé wọ́n máa ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Níbi tí àwìn bá ti pọ̀, orí nìkan kò lè gba gbogbo orúkọ. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé sì lé ní 800,000 lọ́dún náà, ọ̀pọ̀ ìyá tí kò mọ̀wé rí akọ̀wé nínú ilé ara rẹ̀. Ọmọ tí ìyá ti kọ́ ní kíka owó wá di ẹni tí ń ka orúkọ àwọn onígbèsè fún ìyá.

Kò yẹ kí a fi oyin la ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá kò lè kọ́ ọmọ ju ohun tí ó mọ̀ lọ. Bí ọjà bá gbóná, títà ni yóò borí, ẹ̀kọ́ yóò sì dúró dè é. Ẹni tí ó sì ń san owó ìdúró náà jù lọ ni àkọ́bí obìnrin: òun ni olùkọ́ àwọn àbúrò, òun ni agbowó, òun náà ni yóò dáná lálẹ́. Ọ̀pọ̀ irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ mọ gbogbo ìṣirò ọjà, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá rí. Ìyá tí ó ń kọ́ ọmọ púpọ̀ ní yàrá ìgbàlejò rẹ̀ lónìí kò bọ́ lọ́wọ́ èyí; kí ó ka iye wákàtí tí àkọ́bí rẹ̀ fi ń kọ́ àbúrò, kí ó sì ka èyí tí ó fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

Òfin náà wà níbẹ̀. Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ ti 2004 pa á láṣẹ pé kí òbí rí i pé ọmọ lọ sí ilé-ìwé, kí ó sì parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ti girama. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lè san 2,000 náírà tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Ní Amẹ́ríkà, láti 1993 ni gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ti fàyè gba kíkọ́ ọmọ nílé. Ní Jámánì, òfin kọ̀ ọ́. Tiwa ni a ṣe nítorí ọmọ tí a fi sẹ́nu iṣẹ́, ìyá tí ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ tọkàntọkàn kò sì rí ilẹ̀ tí ó le fẹsẹ̀ tẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí a ti ilé-ìwé pa ní oṣù kẹta 2020 nítorí àrùn kòrónà, gbogbo ìyá di olùkọ́ láìtọrọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wá rí i pé èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a fi kọ ìwé ọmọ ni ó kọ́kọ́ dí wọn lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí ni ó sì wúwo jù. Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà, tí a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tí ó fara jọ ọ́. Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Nídìí ìsọ̀ ní Ọjà Ọba, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ṣì ni ìyá ń pè. “Sẹ́fún họ́ndírẹ́dì” ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó wọ aṣọ ilé-ìwé fi ń dá a lóhùn.

Ìyá tí ó ń kọ́ ọmọ nílé, tí kò sì ní ìsọ̀, lè yá ọjà lò. Kí ó mú àwọn ọmọ lọ sí Ọjà Ọba lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí ó fi owó lé àkọ́bí lọ́wọ́, kí àbúrò ná ọjà, kí èyí tí ó kéré ka kóńgò. Bí wọ́n bá délé, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rà sílẹ̀, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ ní figọ̀ àti ní ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí àbúrò kà á sókè, kí ẹ̀gbọ́n máa wá àṣìṣe, kí ìyá sì bi wọ́n pé èènì tí wọ́n gbà, èló ni ì bá jẹ́ bí wọ́n bá fi owó rà á.